Lẹ́tà ṣíṣí sí ẹ̀yin tí ẹ ń ṣèwádìí lórí ìrora ẹsẹ̀ tí wọ́n ti gé: àbọ̀ iṣẹ́ tí ẹ rán wa dà?

Ẹ̀yin dókítà, ẹ̀yin ọ̀jọ̀gbọ́n, ẹ̀yin nọ́ọ̀sì àti gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe risáàṣì lórí ìrora tó ń dààmú àwa tí wọ́n gé lẹ́sẹ̀ tàbí lápá, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú làálàá. Mo mọ̀ pé ọwọ́ yín dí, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ ka èyí dé ìsàlẹ̀, torí ó ti pẹ́ tó ti wà níkùn mi.

Èmi tí mò ń kọ ọ́, ẹsẹ̀ òsì mi ò sí mọ́ láti abẹ́ orúnkún. Mọ́tò ló gbá mi, egungun fọ́ yángá, wọ́n gbìyànjú títí, nígbà tó yá ẹsẹ̀ yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í jẹrà, wọ́n ní àfi káwọn gé e kí ẹ̀mí mi má bàa bá a lọ. Mo fọwọ́ sí i. Ọdún kẹfà rèé. Ẹsẹ̀ lọ, àtàǹpàkò ẹ̀ ò lọ. Àtàǹpàkò ẹsẹ̀ òsì tí wọ́n ti gbé sọnù yẹn ló máa ń jí mi ní aago méjì òru, á dà bíi pé ẹnì kan dì í mú tó ń lọ́ ọ bí ẹni ń fún aṣọ, á lọ́ ọ títí tí àwọn ìka tó kù á fi gun ara wọn lórí, màá wá na ọwọ́ sísàlẹ̀ pé kí n fà á kó tọ́, ọwọ́ mi á balẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ìrora wà níbẹ̀ o, ẹsẹ̀ ni ò sí.

Bí oṣù mẹ́ta ni mi ò fi sọ fún ẹnikẹ́ni. Kí ni mo fẹ́ sọ? Pé ẹsẹ̀ tí gbogbo wọn rí pé kò sí ló ń dùn mí? Ẹ̀rù ń bà mí kí wọ́n má lọ ní orí mi ti dà rú. Ọkọ mi ló gbọ́ ẹkún mi lóru ọjọ́ kan, ó ní ṣé ojú ọgbẹ́ ni, mo ní rárá, ìka ẹsẹ̀ ni. Ó dákẹ́. Ó wá na ọwọ́ síbi tí ẹsẹ̀ yẹn ìbá wà, ó ń fọwọ́ ra bẹ́ẹ̀dì níbẹ̀ bí ẹni ń fọwọ́ ra ẹsẹ̀ fún èèyàn, kò sì bi mí ní nǹkan kan mọ́. Títí dòní tí mo bá rántí, omi á bọ́ lójú mi.

Nọ́ọ̀sì kan tó ń tọ́jú kùkùté ẹsẹ̀ mi ló padà sọ fún mi pé nǹkan yẹn ní orúkọ, pé phantom limb pain lẹ̀yin oníṣègùn ń pè é, pé kì í ṣe èmi ló kọ́kọ́ ṣe. Ìgbà yẹn ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà nípa ẹ̀. Mo rí i pé dókítà oníṣẹ́ abẹ kan ní ilẹ̀ Faransé, Ambroise Paré, ti kọ ọ́ sílẹ̀ láti ọgọ́rùn-ún ọdún kẹrìndínlógún pé àwọn tí wọ́n gé lẹ́sẹ̀ máa ń ráhùn pé ẹsẹ̀ tó ti lọ ń dun àwọn. Mo rí i pé Silas Weir Mitchell, dókítà tó tọ́jú àwọn ọmọ ogun nígbà ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà, ló sọ ọ́ ní phantom limb lọ́dún 1871. Àwọn kan sì kó ọ̀pọ̀ ìwádìí jọ lọ́dún 2020, wọ́n ní tí ẹ bá kó 100 nínú àwa tí wọ́n gé ní ẹ̀yà ara jọ, bíi 64 ló ń jẹ ìrora yìí. Ẹ wo bí a ṣe pọ̀ tó, ẹ sì wo iye ọdún tó ti wà nínú ìwé, tí ọ̀pọ̀ nínú wa ṣì ń fi pa mọ́ nítorí ìtìjú.

Ìdí nìyẹn tí mo fi gbà nígbà tí wọ́n ní àwọn ń wá èèyàn fún ìwádìí. Mi ò ní parọ́ fún yín, mo fẹ́ sàn, ìyẹn ló gbé mi dé ibẹ̀. Àmọ́ ohun tó jẹ́ kí n dúró ni pé fún ìgbà àkọ́kọ́ mo jókòó níwájú ẹni tó ní ìwé lọ́wọ́, tó ń bi mí pé ìka wo gan-an ló ń dùn ẹ́, tó sì ń kọ ọ́ sílẹ̀ bí ẹni ń kọ òótọ́.

Wọ́n ka fọ́ọ̀mù fún mi, wọ́n ṣàlàyé, wọ́n ní mo lè dá a dúró nígbàkigbà láìsọ ìdí, pé ìyẹn ò sì ní kí wọ́n má tọ́jú mi mọ́. Iṣẹ́ dígí ni wọ́n fẹ́ wò. Ẹ̀yin mọ̀ ọ́n, àmọ́ nítorí àwọn míì tó lè máa ka èyí: wọ́n á gbé dígí gígùn kan sáàárín ẹsẹ̀ méjèèjì, ojú ẹ̀ á kọ sí ẹsẹ̀ tó kù, tó o bá wo inú dígí wàá rí ẹsẹ̀ ọ̀tún ẹ bíi pé ti òsì ni, wàá wá máa ká ìka, máa tẹ́ ìka, máa yí ọrùn ẹsẹ̀ po, kó o sì máa gbìyànjú láti fi ẹsẹ̀ tí ò sí ṣe ohun kan náà. Ramachandran, onímọ̀ nípa ọpọlọ kan, ló gbé ọgbọ́n yìí jáde láàárín àwọn ọdún 1990, apá ló kọ́kọ́ lò ó fún. Wọ́n ní dókítà ò ní yan ẹni tó máa gba èyí tàbí tọ̀hún, kọ̀ǹpútà ló máa ṣẹ́ kèké. Kèké wá gbé mi lọ sọ́dọ̀ àwọn tí wọ́n fi aṣọ bo dígí wọn.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí aṣọ yẹn. Aṣọ bẹ́ẹ̀dì funfun ni, etí ẹ̀ kan ti ń tú, òwú kan wà níbẹ̀ tó yọ jáde tó ká kọ́lọ́kọ́lọ́, mo mọ òwú yẹn bí mo ṣe mọ orúkọ mi. Ìṣẹ́jú 15 lójúmọ́, ọjọ́ 5 lọ́sẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ 4. Ẹ ṣírò ẹ̀, wákàtí 5 gbáko ni mo fi jókòó wo aṣọ, tí mò ń gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún, tí mò ń sọ fún ẹsẹ̀ òsì pé kó ká, kó tẹ́, tí ojú mi ò rí nǹkan kan ju òwú yẹn lọ. Ìrora mi ò dín. Lọ́sẹ̀ kẹta, ó tiẹ̀ le sí i ní alẹ́ méjì. Mo fẹ́ kúrò. Ohun tó dá mi dúró ni ohun tí ọmọbìnrin tó ń bá wọn gba àkọsílẹ̀ sọ fún mi, ó ní, "Mọ̀mí, tí kò bá sẹ́ni tó wo aṣọ, a ò ní mọ̀ bóyá dígí ló ṣe é àbí ó kàn ń lọ fúnra ẹ̀."

Òótọ́ ló sọ, mo sì padà rí i nínú ohun tí mo kà. Ìwádìí kan wà lọ́dún 2007, ní ilé ìwòsàn àwọn ológun ní Walter Reed ní Amẹ́ríkà, èèyàn 22 ló bẹ̀rẹ̀, 18 ló parí ẹ̀, mẹ́fà-mẹ́fà. Àwọn 6 tó wo dígí tó ṣí sílẹ̀, gbogbo wọn ní ìrora àwọn dín kù. Nínú àwọn 6 tí wọ́n bo tiwọn, ẹnì kan ṣoṣo ló rí ìtura, 3 ní tàwọn tún le sí i. Àwọn 6 tó kàn dijú tí wọ́n ń fọkàn yàwòrán ẹsẹ̀, 2 rí ìtura, ti 4 le sí i. Gbogbo èèyàn ló máa ń sọ̀rọ̀ àwọn 6 ti dígí. Èmi, ọkàn mi máa ń lọ sọ́dọ̀ àwọn 3 tí ìrora wọn le sí i nídìí aṣọ, torí àwọn ni wọ́n jẹ́ kí ti dígí ní ìtumọ̀. Àwọn náà fi ara wọn sílẹ̀, wọ́n jẹ ìrora, a ò sì mọ orúkọ wọn. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ ìwé jáde, nígbà tí ẹ bá ń dúpẹ́ ní ìparí ìwé yín, ẹ máa dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn lọ́tọ̀, kí ẹ má pò wọ́n pọ̀ mọ́ wa.

Wọ́n ti ṣèlérí pé tí ọ̀sẹ̀ 4 bá pé, àwa tá a wo aṣọ náà á wo dígí. Wọ́n mú ìlérí yẹn ṣẹ, mo dúpẹ́. Ọjọ́ tí wọ́n ká aṣọ yẹn kúrò, mo rí ẹsẹ̀ òsì mi. Mo mọ̀ pé ti ọ̀tún ni o, mo mọ̀ dáadáa, àpá kan wà ní kókósẹ̀ mi ọ̀tún láti kékeré tí kò sí ní ti òsì láyé, mo sì rí àpá yẹn kedere nínú dígí, síbẹ̀ gbogbo ara mi ní òsì ni. Mo ní kí ìka là, ìka là. Àtàǹpàkò tó ti lọ́ pọ̀ láti ọdún 3 wá tú wẹ́rẹ́, bí ìgbà tí èèyàn bá tú ìdì tí wọ́n ti dì pinpin, mo gbọ́ ọ lára mi pé ó tú. Mo bú sẹ́kún. Ọmọbìnrin yẹn fẹ́ gbé dígí kúrò, mo di dígí mú, mo ní kó fi í sílẹ̀ fún mi.

Nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ kẹrin ti dígí, nọ́ńbà tí mò ń kọ lálaalẹ́ láti fi wọn ìrora mi, láti 0 dé 10, ti kúrò ní 7, ó ti di 4, alẹ́ míì á jẹ́ 3. Mo ń sùn. Ìgbà tí mo bá sì jí lóru, ìtọ̀ ló jí mi.

Ọjọ́ kan ni gbogbo ẹ̀ wá parí. Wọ́n ní iye èèyàn tí àwọn fẹ́ ti pé, wọ́n gbé dígí lọ, wọ́n ní àwọn á pè wá. Mi ò mọ̀ bóyá kí n máa ṣe é lọ nílé, mi ò mọ̀ bóyá ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ tó àbí ojoojúmọ́ ni, mi ò mọ̀ bóyá ìrora lè padà tí mo bá dáwọ́ dúró. Mo ra dígí tèmi, ọkọ mi gbé e ti àga, à ń fọwọ́ ara wa ṣe é. Oṣù kan, wọn ò pè. Oṣù mẹ́fà, wọn ò pè. Mo pe nọ́ńbà tó wà lórí fọ́ọ̀mù, ó dún títí, nígbà tí mo máa pè é lẹ́ẹ̀kẹta ẹlòmíì gbé e, ó ní ẹni tí mò ń bèèrè ti kúrò níbẹ̀, pé òun ò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀. Ó ti lé lọ́dún 2 báyìí. Títí di bí mo ṣe ń kọ èyí, mi ò mọ ohun tí wọ́n rí. Mi ò mọ̀ bóyá èmi nìkan ni àtàǹpàkò mi tú, àbí gbogbo wa. Mi ò ní dárúkọ ibẹ̀, torí kì í ṣe ibẹ̀ nìkan, mo ti bá àwọn míì tó ṣe irú ẹ̀ sọ̀rọ̀, ohun kan náà ni wọ́n ń sọ. Ẹ rán wa níṣẹ́, a jẹ́ ẹ. Àbọ̀ ló kù, ọwọ́ yín ni àbọ̀ náà sì wà.

Kì í ṣe ojú rere ni mò ń tọrọ. Ìkéde Helsinki tí Ẹgbẹ́ Àwọn Dókítà Àgbáyé ṣe lọ́dún 1964, tí wọ́n ti ń tún un ṣe látìgbà náà, tí ẹ̀yin fúnra yín máa ń kọ sínú ìwé pé ẹ tẹ̀ lé, ó wà níbẹ̀ pé kí ẹ fún ẹni tó bá kópa láǹfààní láti gbọ́ ohun tí ìwádìí náà bí. Nígbà tí wọ́n tún un ṣe lọ́dún 2024, wọ́n tiẹ̀ yí ohun tí wọ́n ń pè wá padà, tẹ́lẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ń ṣe nǹkan sí lára ni wọ́n ń pè wá, ní báyìí wọ́n ní olùkópa ni wá. Ó dáa bẹ́ẹ̀, inú mi dùn sí i. Àmọ́ olùkópa tí ò mọ bí ohun tó kópa nínú ẹ̀ ṣe parí, ṣé ó kópa?

Tí ohun tí ẹ wò ò bá ṣiṣẹ́, ẹ sọ fún wa pé kò ṣiṣẹ́. Ẹ má rò pé inú máa bí wa. Àwọn tó kó ìwádìí oògùn jọ lọ́dún 2016 fún Cochrane, ẹgbẹ́ tó máa ń kó ìwádìí ìṣègùn jọ láti yẹ̀ ẹ́ wò, wo mọ́fíìnì, wọ́n wo gabapentin, wọ́n wo ketamine àtàwọn míì, wọ́n sì sọ ọ́ gbangba pé èèyàn tó wà nínú àwọn ìwádìí náà kéré, pé àwọn ò lè fọwọ́ sọ̀yà pé èyí ló dájú. Nígbà tí mo ka ìyẹn, ara tù mí. Wọ́n ti gbé oògùn méjì fún mi rí tí ò ṣe nǹkan kan fún mi ju kó máa kùn mí lóorun lọ́sàn-án, mo sì ti ń rò pé ara mi ni ò dáa, pé àwọn tó kù ló ń rí ìtura. Òótọ́ tí ò dùn gbọ́ yẹn wúlò fún mi ju ìdákẹ́jẹ́ lọ.

Ẹ jẹ́ kí n tún sọ ti nọ́ńbà, torí lẹ́yìn ti àbọ̀ òun ló ká mi lára jù. Lálaalẹ́ kí n tó sùn, wọ́n ní kí n kọ nọ́ńbà kan sínú ìwé, 0 pé kò sí ìrora rárá, 10 pé kò tún sí èyí tó lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìwé pélébé kan ni, ẹ̀yìn ẹ̀ ní àwọ̀ ewé, wọ́n fi okùn so báírò mọ́ ọn. Ẹ̀dà ni wọ́n gbà, ìwé gangan ṣì wà lọ́wọ́ mi, mo ṣí i lánàá. Ọjọ́ 11, mo kọ 7. Ọjọ́ 12, mo kọ 7. Ẹni tó bá rí i lórí kọ̀ǹpútà á ní ọjọ́ méjèèjì rí bákan náà. Lọ́jọ́ 11, ìrora yẹn wá lẹ́ẹ̀kan bí ìgbà tí iná mànàmáná bá gbé èèyàn, kò tó ìṣẹ́jú kan, ó lọ, mo sùn. Lọ́jọ́ 12, kò fi bẹ́ẹ̀ le, àmọ́ kò lọ, ó ń jó mi lábẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀ tí ò sí yẹn láti ìrọ̀lẹ́ títí ilẹ̀ fi mọ́, nígbà tó fi máa di àárọ̀ mi ò lè wọ ẹsẹ̀ àtọwọ́dá mi, gbogbo itan mi ti le gbagidi, ọmọ mi obìnrin ní kí n wá wo nǹkan tóun yà, mo jágbe mọ́ ọn, ó fi ìwé ẹ̀ pa mọ́ sẹ́yìn. Níbo ni ìyẹn wà nínú 7?

Mi ò ní kí ẹ pa nọ́ńbà tì o, mo mọ̀ pé ẹ nílò ẹ̀ kí ẹ lè fi ẹnì kan wé ẹlòmíì. Ohun tí mo ní kí ẹ ṣe ni kí ẹ bèèrè àwọn nǹkan tá a fi ń mọ̀ nílé pé ara ń yá: wákàtí mélòó lo sùn, ṣé o wọ ẹsẹ̀ ẹ lónìí, ìgbà mélòó ni ìrora wá, ó pẹ́ tó báwo, kí lo fẹ́ ṣe lónìí tí ìrora ò jẹ́ kó o ṣe. Kí ẹ sì bi wá kí ẹ tó tẹ fọ́ọ̀mù yín. Tí ẹ bá pe ẹni mẹ́ta péré lára wa jókòó nígbà tí ẹ ń ṣètò ẹ̀, irú ìbéèrè yìí ò ní sá fún yín.

Ohun kan tún wà nínú fọ́ọ̀mù yẹn. Wọ́n bi mí pé ṣé ìrora ẹsẹ̀ ń yọ mí lẹ́nu, mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mo fi máàkì sí i. Ó tó ọ̀sẹ̀ méjì kí n tó mọ̀ pé nǹkan mẹ́ta ni mo pò pọ̀. Ọ̀kan wà tí kì í dunni rárá, èèyàn á kàn mọ̀ ọ́n lára pé ẹsẹ̀ wà níbẹ̀, á máa yún un, tàbí kó dà bíi pé ó wọ ìbọ̀sẹ̀. Ọ̀kan ni ìrora ẹsẹ̀ tó ti lọ fúnra ẹ̀, èyí tí ẹ̀yin ń wá. Ọ̀kan sì ni ìrora kùkùté, ibi tí ọ̀bẹ gé dé, torí iṣan tí wọ́n gé máa ń hù kókó sórí, tí ẹsẹ̀ àtọwọ́dá bá sì tẹ kókó yẹn, èèyàn á fò sókè. Ìtọ́jú ẹ̀ ò papọ̀. Dígí ò lè tú kókó. Tí ẹ ò bá ṣàlàyé ìyàtọ̀ yìí fún wa ní èdè tá a gbọ́ kí ẹ tó ní ká fi máàkì sí i, máàkì wa ò ní jẹ́ òótọ́, kì í ṣe pé a fẹ́ tàn yín.

Ẹ máa ń sọ pé èèyàn ò pọ̀ tó nínú ìwádìí yín, mo sì rí i pé bẹ́ẹ̀ ni: 22 nínú èyí tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, 28 nínú ti iṣẹ́ abẹ tí wọ́n kọ jáde lọ́dún 2019, èyí tí wọ́n ti ń mú iṣan tí wọ́n gé, tí wọ́n á lọ so ó mọ́ iṣan ẹran ara míì kó lè ní iṣẹ́ tó ń ṣe. Ó dùn mí pé mi ò gbọ́ nípa irú iṣẹ́ abẹ yẹn títí wọ́n fi gé tèmi tán. Àmọ́ ẹ wo ibi tí ẹ ní ká wá pàdé yín. Níbi tèmi, òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kejì ni, ẹ̀rọ tó ń gbéni lọ sókè ti bàjẹ́, aago mẹ́jọ àárọ̀ ni wọ́n fi í sí, owó ọkọ̀ tí wọ́n ní àwọn á dá padà pẹ́ kó tó jáde. Mo rí ọkùnrin kan tó jókòó sórí àtẹ̀gùn, ọ̀pá ìtìlẹ̀ ẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ó sinmi díẹ̀, ó wo òkè, ó yí padà ó ń sọ̀ kalẹ̀. Nínú ìwé yín ẹ ó kọ ọ́ pé ẹnì kan fà sẹ́yìn. Kò fà sẹ́yìn, àtẹ̀gùn ló dá a padà. Ọ̀pọ̀ nǹkan tí ẹ ń bi wá, fóònù tó o. Dígí, ẹ lè gbé e wá bá wa nílé.

Àwọn míì sì wà tí ẹ ò tiẹ̀ pè rárá. Ìyá àgbàlagbà kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi nígbà tí mo wà ní ọsibítù, àtọ̀gbẹ ló jẹ́ kí wọ́n gé ẹsẹ̀ ẹ̀ méjèèjì. Nígbà tí mo lọ kí wọn tí mo sì ṣàlàyé dígí fún wọn, wọ́n tẹ́tí sílẹ̀ títí mo fi sọ ọ́ tán, wọ́n wá wò mí, wọ́n ní, "Ọmọ mi, èwo ni kí n wá fi wo dígí?" Mi ò ní èsì. Nínú fọ́ọ̀mù tiwa, ẹni tó bá ní àtọ̀gbẹ ò lè wọlé, ẹni tí ò bá ní ẹsẹ̀ kan tó pé ò lè wọlé. Mo mọ̀ pé ẹ ní ìdí, mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nǹkan lè da àbájáde rú. Ṣùgbọ́n àtọ̀gbẹ wà lára ohun tó ń gé ẹsẹ̀ èèyàn jù láyé, tí ẹ bá yọ wọ́n kúrò, ta ni ìwádìí náà wà fún? Ọ̀nà wà o. Ní Sweden lọ́dún 2016, olùṣèwádìí kan tó ń jẹ́ Ortiz-Catalan àtàwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ mú èèyàn 14 tí wọ́n gé lápá, tí gbogbo ìtọ́jú tó kù ò ràn, wọ́n lẹ nǹkan mọ́ ara kùkùté wọn tó ń gba ìró iṣan, kọ̀ǹpútà wá ń lo ìró yẹn láti gbé apá kan lójú wọn, ẹ̀ẹ̀mejìlá ni wọ́n ṣe é, ìrora sì dín kù débi pé lórí ọ̀kan nínú òṣùwọ̀n tí wọ́n lò ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ku ìdajì. Mo mọ̀ pé kò sí ẹgbẹ́ aṣọ nínú ìyẹn, èmi tí mo wo aṣọ á bèèrè ẹ̀ dandan. Àmọ́ irú ẹ̀ ò nílò apá kejì tàbí ẹsẹ̀ kejì. Ẹ wá irú ẹ̀ fún ìyá yẹn.

Mo tún fẹ́ sọ ti àwọn mẹ́ta kan tí wọ́n gé lápá, tí wọ́n wo ọpọlọ wọn. Lọ́dún 1995 olùṣèwádìí kan, Flor, àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ní Jámánì kọ ọ́ pé tí apá bá lọ, ibi tó jẹ́ ti apá nínú ọpọlọ, ẹ̀yà ara tó múlé tì í máa ń gbà á, pé bó ṣe gbà á tó ni ìrora ṣe ń le tó. Ó pẹ́ tí wọ́n ti ń fi ìyẹn ṣàlàyé ìrora wa. Lọ́dún 2013 olùṣèwádìí míì, Makin, àtàwọn tiẹ̀ ní àwọn rí i pé ọwọ́ tó ti lọ ṣì wà nínú ọpọlọ níbẹ̀. Nígbà tó wá di 2025, wọ́n gbé èyí tí wọ́n ti ń bá bọ̀ jáde: èèyàn mẹ́ta tí wọ́n ti wo ọpọlọ wọn kí wọ́n tó gé wọn lápá, tí wọ́n sì tún ń wò ó lẹ́yìn ẹ̀, àwọn kan títí dé ọdún 5. Àwòrán ọwọ́ ṣì wà nínú ọpọlọ wọn bó ṣe wà. Èmi tí mo ní àtàǹpàkò yẹn, kò yà mí lẹ́nu, mo ti ń sọ ọ́ láti ọjọ́ yìí. Ohun tó gbà mí lọ́kàn ni àwọn mẹ́ta yẹn. Ẹ rò ó wò, ẹni tí wọ́n ti sọ fún pé apá ẹ̀ máa lọ, tí ìbànújẹ́ bá, ó tún lọ dùbúlẹ̀ sínú ẹ̀rọ kí wọ́n lè ya ọpọlọ ẹ̀ nígbà tí ọwọ́ ṣì wà, nítorí àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Mo bẹ Ọlọ́run pé kí ẹnì kan ti jókòó tì wọ́n, kó fi àwòrán yẹn hàn wọ́n, kó ní ẹ wò ó, ọwọ́ yín rèé, kò tíì lọ.

Tí ẹ bá pè mí lọ́la fún òmíràn, màá wá. Wọ́n lè tún fi mí sí ìdí aṣọ, màá wò ó. Kí ẹ ṣáà sọ fún mi lọ́jọ́ tí mo bá ń fọwọ́ sí ìwé pé oṣù báyìí ni a máa pè ọ́, ẹni báyìí ló máa pè ọ́, tí ẹni yẹn bá sì kúrò kí ẹ fa iṣẹ́ náà lé ẹlòmíì lọ́wọ́. Lẹ́tà ojú ìwé kan tó, ìpè ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó. Ẹ sọ fún mi bí a ṣe tó, iye àwa tó rí ìtura, iye àwa tí ò rí i, àti pé ṣé kí n máa bá dígí lọ àbí kí n sinmi, torí ní nǹkan bí oṣù mẹ́rin sẹ́yìn àtàǹpàkò yẹn tún ti bẹ̀rẹ̀ sí í ká díẹ̀díẹ̀, mi ò sì mọ ẹni tí mo lè bi.

Mi ò tíì yí nọ́ńbà fóònù mi padà. Èyí tó wà lórí fọ́ọ̀mù yẹn náà ni.

Èmi ni,
ẹni tó fi wákàtí 5 wo aṣọ.